Ẹ̀sìn Wicca àti Àwọn Ẹ̀ka Rẹ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé

Láti ìgbà tí a ti tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí àwọn ẹ̀sìn tuntun tó dìde ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún tó kọjá, ọ̀rọ̀ Wicca, ẹ̀sìn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ń pe ara wọn ní àjẹ́, ni ẹ̀yin òǹkàwé wa ń béèrè jù. A ṣa díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà, a sì dáhùn wọn dé ibi tí àyè gbà wá dé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ń kàwé ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà sì ní ẹlẹ́sìn Wicca ni àwọn. Ọ̀kan sọ pé ọdún kan àti ọjọ́ kan ni òun fi kẹ́kọ̀ọ́ kí ẹgbẹ́ tó gba òun wọlé, àti pé òun ti búra láti má ṣe sọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí kò wọlé. Èkejì ní òun kò ní ẹgbẹ́ kankan, ìwé ni òun rà kà, òun sì ya ara òun sí mímọ́ nínú yàrá òun. Ṣé ẹ̀sìn kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, òbí wa. Ẹ̀sìn kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kì í ṣe kékeré. Ta ló ní àṣẹ láti sọ ènìyàn di ọmọ awo? Ìbéèrè yìí ló ti ń pín Wicca sí ẹ̀ka láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ẹni tó bá sì dì í mú dáadáa kò ní ṣìnà nínú ọ̀pọ̀ orúkọ tí wọ́n ń pè.

Ọ̀dọ̀ Gerald Gardner ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1884 ni wọ́n bí i nítòsí Liverpool, ó sì lo èyí tó pọ̀ nínú ìgbà àgbà rẹ̀ ní ilẹ̀ Éṣíà, níbi tó ti ṣiṣẹ́ oko tíì àti oko rọ́bà kó tó di òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ìjọba ní Malaya. Nígbà tó fẹ̀yìn tì padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní ẹgbẹ́ kan ní agbègbè New Forest gba òun wọlé ní ọdún 1939, àti pé ohun àtijọ́ ni ẹgbẹ́ náà ń tọ́jú. Òfin ọdún 1735 tó de ọ̀rọ̀ àjẹ́ ní ilẹ̀ náà ṣì wà nígbà náà. Ọdún 1951 ni ilé aṣòfin fagi lé e tí wọ́n sì fi òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tó dojú kọ àwọn tó ń fi irọ́ ìbánisọ̀rọ̀-pẹ̀lú-òkú gba owó lọ́wọ́ ènìyàn. Ní 1954, Gardner tẹ ìwé kan jáde tó fi sọ fún gbogbo ayé pé àwọn ẹlẹ́sìn yìí wà, pé òun sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Nínú ẹ̀ka tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní, ẹni tó ti wọlé nìkan ló lè mú ẹlòmíràn wọlé. Ìlànà wọn ni pé kí obìnrin mú ọkùnrin wọlé, kí ọkùnrin sì mú obìnrin wọlé. Ipele mẹ́ta ni ó wà, ẹni tó bá sì dé ipele kẹta lè kúrò lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ ni ọmọ awo fi ń da ìwé ètùtù tí wọ́n ń pè ní Ìwé Òjìji kọ láti inú ti ẹni tó mú un wọlé. Nípa báyìí, ẹni tó bá jẹ́ ti ẹ̀ka Gardner ní tòótọ́ lè dárúkọ ẹni tó mú un wọlé, kí ó dárúkọ ẹni tó mú onítọ̀hún wọlé, kí ó máa tọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń ka oríkì ìdílé títí tí yóò fi kan ẹgbẹ́ Gardner fúnra rẹ̀. Ohun tí ọ̀rẹ́ ọmọ yín àkọ́kọ́ búra lé lórí nìyí, mo sì rọ ọmọ yín pé kó má ṣe fi ìbéèrè há a mọ́ ògiri. Ìbúra ni ìbúra, kò sì túmọ̀ sí pé ohun burúkú ni wọ́n ń fi pamọ́.

Ẹ̀ka kejì tó ń béèrè irú ìgbàwọlé bẹ́ẹ̀ ni ti Alexandria, tí Alex Sanders àti ìyàwó rẹ̀ Maxine sọ di mímọ̀ ní àárín ọdún 1960 sí 1970. Sanders sọ pé ìyá-ìyá òun ló gba òun wọlé nígbà tí òun wà ní kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ètùtù rẹ̀ wé ti Gardner yóò rí i pé ibi kan náà ni méjèèjì ti wá. Ohun tó fi kún un ni ẹ̀kọ́ Kabbalah, ìyẹn ẹ̀kọ́ awo àwọn Júù, àti ètò àwọn áńgẹ́lì, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe é sì ní ayẹyẹ púpọ̀ nínú. Ní ọ̀pọ̀ ibi lónìí, àwọn ẹ̀ka méjèèjì ń bá ara wọn lò bí ọmọ ìyá.

Báwo wá ni a ṣe dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tó ya ara rẹ̀ sí mímọ́ nínú yàrá? Raymond Buckland, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, wọ ẹ̀ka Gardner ní ọdún 1963, òun ni ó sì ṣiṣẹ́ jù láti tan ẹ̀ka náà kálẹ̀ níbẹ̀. Kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lọ tí ọkùnrin yìí kan náà fi dá ẹ̀ka tuntun tó pè ní Seax-Wica sílẹ̀, tó sì fi sínú rẹ̀ pé ẹni tí kò rí ẹgbẹ́ lè ya ara rẹ̀ sí mímọ́. Nígbà tí Scott Cunningham, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, wá tẹ ìwé jáde ní 1988 fún ẹni tó ń dá ẹ̀sìn náà ṣe, ilẹ̀kùn náà ṣí gbayawu. Àwọn tó gba ọ̀nà yẹn wọlé ti pọ̀ ju àwọn tó gba ọ̀nà ẹgbẹ́ lọ báyìí.

Àwọn kan nínú ẹ̀ka Gardner kò gbà pé ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mú wọlé lè pe ara rẹ̀ ní Wicca rárá. Ní tèmi o, n kò rí ìdí tí a ó fi pe ọmọbìnrin kejì ní ẹlẹ́tàn. Kò sọ pé òun jẹ́ ti Gardner, kò jí orúkọ ẹnikẹ́ni lò. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ jọ ń bọ̀wọ̀ fún Abo-Ọlọ́run àti Akọ-Ọlọ́run, wọ́n jọ ń fa agbo sílẹ̀ kí wọ́n tó gbàdúrà, wọ́n sì jọ ń ké sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé: afẹ́fẹ́ láti ìlà-oòrùn, iná láti gúúsù, omi láti ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ láti àríwá. Àwọn méjèèjì ló ń ka òṣùpá àrànmọ́jú sí ọjọ́ pàtàkì. Ẹni tó bá wà lóde tó ń wò wọ́n kò ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ni kan pé ẹ̀sìn yìí ti wà ṣáájú kí ẹ̀sìn Kristi tó dé Yúróòpù, pé mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àwọn ọmọ ẹ̀sìn náà ni wọ́n dáná sun, àti pé àwọn tó sá àsálà ló tọ́jú rẹ̀ títí di ìgbà Gardner. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe òótọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi gbé e yẹ̀ wò, nítorí pé ẹ̀mí àwọn tó kú wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ibi tí ìtàn yìí ti gba agbára ni ọwọ́ Margaret Murray, onímọ̀ nípa Íjíbítì àtijọ́ tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní London, tó kọ ọ́ sínú ìwé kan ní 1921 pé àwọn tí wọ́n dá lẹ́jọ́ àjẹ́ jẹ́ ọmọ ẹ̀sìn àtayébáyé kan tó fara pamọ́. Àwọn òpìtàn tó lọ yẹ ìwé ilé ẹjọ́ wò lẹ́yìn rẹ̀ kò rí ẹ̀sìn kankan níbẹ̀. Wọ́n rí i pé Murray gé ẹ̀rí àwọn ẹlẹ́jọ́ kúrú, tó sì yọ ohun ìyanu tí kò lè ṣẹlẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ kí ìyókù lè dà bí òótọ́. Iye mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náà, ìṣirò tí òǹkọ̀wé ará Jámánì kan ṣe ní nǹkan bí ọdún 1780 sí 1790 láti inú ẹjọ́ díẹ̀ tó rí ní ìlú kan ṣoṣo ni. Lójú àwọn tó fi ìwé ilé ẹjọ́ ṣiṣẹ́ lónìí, nǹkan bí 40,000 sí 60,000 ènìyàn ni wọ́n pa ní Yúróòpù láàárín nǹkan bí ọdún 1450 sí 1750.

Iye yẹn nìkan ti tó láti ba ènìyàn nínú jẹ́. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n jẹ́ onígbàgbọ́ bíi àwọn aládùúgbò wọn, ohun tó sì gbé wọn dé ilé ẹjọ́ ni màlúù tó kú, ọmọ tó ṣàìsàn, tàbí ìjà àárín adúgbò, lẹ́yìn èyí tí ìfìyàjẹni mú kí wọ́n gba ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò dá sí ọrùn, kí wọ́n sì dárúkọ ẹlòmíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbékọ́ ni ìjìyà tó wọ́pọ̀, kì í ṣe iná. Ní Salem ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1692, ènìyàn 19 ni wọ́n gbé kọ́, wọ́n sì fi òkúta tẹ ọkùnrin arúgbó kan pa. Púpọ̀ nínú wọn kú pẹ̀lú àdúrà lẹ́nu. Nígbà tí ẹlẹ́sìn Wicca kan bá sọ pé àwọn wọ̀nyí ni baba ńlá ẹ̀sìn òun, ó ń fi ẹ̀sùn tí wọ́n fi pa wọ́n kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, n kò sì rò pé ó yẹ ká fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Níbo wá ni ẹ̀sìn náà ti wá? Apá púpọ̀ nínú rẹ̀ hàn kedere fún ẹni tó bá wò ó. Ìgbàwọlé onípele mẹ́ta jọ ti ẹgbẹ́ Freemason. Àwọn ohun èlò kan wá láti inú ìwé idán àtijọ́ tí wọ́n fi orúkọ Solomoni sọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wá láti inú ìwé tí Charles Leland, ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1899 nípa ìtàn àwọn àjẹ́ Ítálì, àwọn mìíràn sì wá tààrà láti ọwọ́ Aleister Crowley, onídán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Gardner ṣe àbẹ̀wò sí ní 1947, ọdún tí Crowley kú. Doreen Valiente, tí Gardner gbà wọlé ní 1953, ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ Crowley mọ̀ nínú ètùtù wọn, ó sì sọ ọ́ lójú Gardner. Gardner ní bó bá lè ṣe é dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ṣe é. Obìnrin náà jókòó, ó tún púpọ̀ nínú rẹ̀ kọ, àṣẹ Abo-Ọlọ́run tí wọ́n ń kà nínú agbo títí di òní sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ni ìyá ẹ̀sìn Wicca, Valiente ni n ó dárúkọ.

Òpìtàn Ronald Hutton ti yunifásítì Bristol to gbogbo èyí lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1999, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Wicca fúnra wọn sì ti gbà á. Ẹ̀sìn tí wọ́n hun ní ọ̀rúndún tó kọjá ni ẹ̀sìn wọn, ó sì ń jẹ́ ìtùnú fún wọn bí ó ti wà. Ohun tí kò tọ́ ni kí a fi òkú àwọn aláìṣẹ̀ sọ ọ́ di àgbà.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Títí di ìsinsìnyí, ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, wọ́n ṣì ń lu àwọn arúgbó àti ọmọdé, wọ́n ń lé wọn jáde nílé, wọ́n sì ń pa wọ́n lórí ẹ̀sùn àjẹ́, débi pé Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ọwọ́ sí ìpinnu kan lórí rẹ̀ ní ọdún 2021. Ẹlẹ́sìn Wicca yan orúkọ yẹn fún ara rẹ̀, ó sì lè bọ́ ọ sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn kò yan ohunkóhun. Ẹ má ṣe da àwọn méjèèjì pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ fún wa láìfi bò: ṣé Èṣù Bìlísì ni wọ́n ń sìn, ṣé wọ́n sì ń ṣe ènìyàn ní ibi?

ÌDÁHÙN: Bìlísì kò sí nínú ìgbàgbọ́ wọn. Inú ẹ̀sìn Kristi àti ìmàle ni ìtàn rẹ̀ wà, ẹni tí kò bá sì gba ìtàn náà gbọ́ kò ní ẹni tí yóò sìn níbẹ̀. Ohun tó ń ru ìfura sókè ni pé Akọ-Ọlọ́run wọn ní ìwo lórí, ṣùgbọ́n ìwo àgbọ̀nrín àti ti ẹran igbó ni, bí a ti ń rí i lára ère àwọn òrìṣà àtijọ́ bíi Pan ní ilẹ̀ Gíríìsì àti Cernunnos ní ilẹ̀ Gaul, tó jẹ́ ilẹ̀ Faransé lónìí.

Ní ti ibi ṣíṣe, ìlànà wọn tó lókìkí jù ni pé kí ènìyàn ṣe bó ti wù ú, bí kò bá ti pa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀pọ̀ tún gbà pé ohun tí ènìyàn bá rán jáde, rere tàbí búburú, yóò padà sórí rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní àjẹ́ ní Yúróòpù ló gba ìlànà wọ̀nyí o. Robert Cochrane, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní ẹgbẹ́ àjẹ́ tirẹ̀, tó kú ní 1966, kò fẹ́ràn Gardner rárá, àwọn tó tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀ kì í sì í pe ara wọn ní Wicca. Èèyàn burúkú wà láàárín wọn bó ti wà nínú gbogbo ìjọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wọn kò rán wọn ní iṣẹ́ ibi.

ÌBÉÈRÈ: Ọdún mélòó ni wọ́n ń ṣe, ṣé òótọ́ sì ni pé ọjọ́ àwọn òkú ni ọdún tuntun wọn?

ÌDÁHÙN: Ọdún mẹ́jọ ni. Samhain, tó bọ́ sí òpin oṣù Ọ̀wàrà, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n sì ń rántí àwọn òkú wọn níbẹ̀. Mẹ́rin nínú ọdún náà tẹ̀lé àṣà àwọn ará Ireland àti Scotland àtijọ́: Samhain yìí, Imbolc ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èrèlè, Beltane ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èbìbí àti Lughnasadh ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ògún. Mẹ́rin yòókù tẹ̀lé oòrùn, ìyẹn ọjọ́ tí ọ̀sán gùn jù àti èyí tó kúrú jù, àti ọjọ́ méjì tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò tí ì pẹ́ tí wọ́n ti so mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀. Àárín ọdún 1950 sí 1960 ni ẹgbẹ́ Gardner ṣe bẹ́ẹ̀. Mabon tí wọ́n ń pe èyí tó wà ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀, Aidan Kelly, ará Amẹ́ríkà, ló fún un ní orúkọ náà ní àárín ọdún 1970 sí 1980. Àwọn ẹlẹ́sìn Wicca ní Ọsirélíà sábà máa ń yí gbogbo rẹ̀ padà, nítorí pé nígbà tí òtútù bá mú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ooru ń mú lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n sì ń ṣe Beltane nígbà tí àwọn ti London ń ṣe Samhain.

ÌBÉÈRÈ: Mo kà á níbì kan pé ẹ̀ka kan wà tí ọkùnrin kò gbọdọ̀ wọ̀. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀ka Diana lẹ ń sọ. Zsuzsanna Budapest, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Hungary tó di ará Amẹ́ríkà, ló dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Los Angeles ní 1971, ní àsìkò tí ìjà ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin gbóná níbẹ̀. Orúkọ Susan B. Anthony, ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin ayé àtijọ́, ni wọ́n fún ẹgbẹ́ náà. Abo-Ọlọ́run nìkan ni wọ́n ń sìn, wọ́n sì gbà pé ó yẹ kí obìnrin tó ti fara gbọgbẹ́ lábẹ́ ọkùnrin ní ibi kan tí yóò ti lè sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù. Mo lóye ìdí yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó lè wọlé tún ba nǹkan jẹ́ láàárín wọn: ní 2011, ní àpéjọ àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ Yúróòpù kan ní San José, wọn kò jẹ́ kí àwọn obìnrin tí a bí gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin wọ ibi ètùtù kan, awuyewuye ńlá sì tẹ̀lé e. Àwọn ẹgbẹ́ kan nínú ẹ̀ka náà ti ṣí ilẹ̀kùn láti ìgbà náà, àwọn mìíràn kò sì ṣí i.

Ní San Francisco ni Starhawk, òǹkọ̀wé obìnrin ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹ̀ka Reclaiming sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1980. Tiwọn gba ọkùnrin àti obìnrin, wọn kò ní olórí kan tó ń pàṣẹ, wọ́n sì ń da ẹ̀sìn pọ̀ mọ́ ìfẹ̀hónúhàn lórí ọ̀rọ̀ ohun ìjà átọ́míìkì àti ti igbó àti omi.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òfin mọ̀ wọ́n?

ÌDÁHÙN: Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ kan sọ ní 1986, nínú ẹjọ́ tí ẹlẹ́wọ̀n kan pè, pé ẹ̀sìn ni Wicca lábẹ́ òfin. Ní 2007, lẹ́yìn tí àwọn opó ọmọ ogun ti pe ìjọba lẹ́jọ́, wọ́n gbà kí wọ́n máa gbẹ́ ìràwọ̀ onígun márùn-ún sára òkúta ibojì àwọn ọmọ ogun tó jẹ́ ẹlẹ́sìn náà. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, nǹkan bí 13,000 ènìyàn ló kọ Wicca sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí, London ni mò ń gbé. Ọkùnrin kan tí mo bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní olórí àlùfáà ẹ̀ka Gardner ni òun. Ó ní òun máa gbà mí wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bí mo bá san owó, pé ìhòòhò ni wọ́n ń ṣe é, àwa méjì nìkan ló sì máa wà níbẹ̀. Kí ni ẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má lọ.

Gbogbo ohun tó sọ fún ọ ló tako ẹ̀ka tó ń dárúkọ. Ẹ̀ka Gardner kì í ta ìgbàwọlé. Ènìyàn lè dá owó àbẹ́là tàbí ti oúnjẹ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń san owó kí wọ́n tó gbà á. Wọn kì í gba ẹni tí wọn kò mọ̀ wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé ọdún kan àti ọjọ́ kan yẹn wà kí ẹgbẹ́ lè mọ ọ́, kí ìwọ náà sì lè mọ̀ wọ́n. Òótọ́ ni pé àwọn ẹgbẹ́ Gardner kan ń ṣe ètùtù ní ìhòòhò, Gardner fúnra rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iwájú gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ sì lè sọ pé òun kò fẹ́, tàbí kó wá ẹgbẹ́ tó ń wọ aṣọ.

Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló mú un wọlé, àti ta ló mú onítọ̀hún wọlé. Ẹni tó bá jẹ́ ti ẹ̀ka yẹn kò ní bínú sí ìbéèrè náà, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo àṣẹ rẹ̀ dúró lé. Pagan Federation, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́sìn Wicca àti irú wọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1971, máa ń ṣe ìpàdé ìta gbangba tí ẹnikẹ́ni lè lọ láìṣe ọmọ ẹgbẹ́; bí ọkàn rẹ bá ṣì ń fà sí ẹ̀sìn yìí, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ lọ, kí o sì mú ọ̀rẹ́ kan dání. Bí ọkùnrin náà bá ti gba owó lọ́wọ́ rẹ, tàbí tó bá ń halẹ̀ mọ́ ọ, fi àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, má pa wọ́n rẹ́, kí o sì kó wọn lọ fún àwọn ọlọ́pàá.